Ta ló ni èdè tí fóònù yín ń gbọ́? Ohun tó yẹ kí ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ nípa RISC-V

Ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ò ní wá akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ app tì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní Ọ̀yọ́, lágbègbè Ajayi Crowther University. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa gbà pé iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lókè òkun ni. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ o. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Èdè ni gbogbo ẹ̀

Processor ò gbọ́ Yorùbá, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn àṣẹ kéékèèké ló ń gbọ́: ro nọ́mbà méjì yìí pọ̀, mú tọ̀hún wá, tọ́jú eléyìí. Àkójọ àwọn àṣẹ yẹn ni èdè rẹ̀.

Àwọn èdè tó gbajúmọ̀ jù ní olówó. Èyí tí ọ̀pọ̀ fóònù ọwọ́ wa ń gbọ́, Arm ló ni ín, ilé iṣẹ́ kan ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe chip tó ń gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kó sì sanwó. Èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, ọwọ́ Intel àti AMD ló wà.

Ní 2010, Krste Asanović, David Patterson àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì, Andrew Waterman àti Yunsup Lee, bẹ̀rẹ̀ èdè tuntun ní yunifásítì Berkeley, ní Amẹ́ríkà. RISC-V ni wọ́n pè é. Àṣẹ ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò ju bíi 40 lọ. Ẹnikẹ́ni ló lè lò ó, láìtọrọ àyè, láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ fi wé Yorùbá tí à ń sọ. Kò sẹ́ni tó ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ Ọ̀yọ́ kó tó lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ká lè máa kọ ọ́ bákan náà, àwọn kan jókòó, wọ́n sì fọwọ́ sí àkọtọ́ kan ní 1974. Irú iṣẹ́ yẹn ni ẹgbẹ́ RISC-V International ń ṣe. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2015, ó sì kó lọ sí Switzerland ní 2020.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o: kì í ṣe gbogbo chip RISC-V ni àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ wà ní gbangba. Èdè ló jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó fi Yorùbá kọ ìwé lè ní kẹ́nikẹ́ni má dà á kọ. Àwọn tó wá gbé àwòrán náà síta fún gbogbo ayé, àwọn là ń pè ní open source.

Afárá tó kọjá ọ̀dọ̀ wa

Ọmọ Yorùbá kan ti wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Kunle Olukotun ti yunifásítì Stanford dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní 2000. Ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀: Afara Websystems. Afárá tiwa yìí náà ni. Sun Microsystems rà á ní 2002, iṣẹ́ náà ló sì di processor UltraSPARC T1 tó jáde ní 2005. Core 8 ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè bójú tó iṣẹ́ 4 pọ̀. Nígbà tó di 2006, Sun gbé àwòrán rẹ̀ síta lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n pè é ní OpenSPARC.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Oracle ra Sun ní 2010. Ní 2017, Oracle dá ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tó wà nídìí SPARC dúró. Iṣẹ́ ọ̀hún ò ṣòfò pátá, torí àwọn olùwádìí ní Princeton mú un ṣe OpenPiton. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ hàn kedere: èèyàn lè ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé ilé náà, ọjọ́ tó bá kó lọ, ilé dahoro nìyẹn.

Ìyẹn ni RISC-V ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí òun. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló gbé e. Chip tí kò ní sọ́fítíwíà dà bíi rédíò tí kò ní bátìrì, torí náà ní 2023, Google, Intel, Samsung àtàwọn míì para pọ̀ dá RISE sílẹ̀ láti máa tún sọ́fítíwíà ṣe fún un. Ní August 2025, Debian 13 gbà á wọlé ní kíkún. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Debian yìí, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ṣe é.

Ibo lẹ lè gbà wọlé?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ QEMU. Ọ̀fẹ́ ni. Ó máa ń jẹ́ kí láptọ́ọ̀pù lásán ṣe bí ẹni pé kọ̀ǹpútà RISC-V ni. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e sórí ẹ̀rọ tán, kò nílò dátà mọ́ kó tó ṣiṣẹ́.

Tó bá wù yín láti fi ọwọ́ ara yín ya processor, ẹ kọ́ Verilog. Icarus Verilog àti Verilator tí wọ́n fi ń dán an wò, ọ̀fẹ́ ni àwọn náà. Processor kékeré tó gbọ́ àṣẹ 40 tó ṣe project àṣejáde, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fàyè gbà á.

Tówó díẹ̀ bá wà, Raspberry Pi Pico 2 jáde ní August 2024 ní dọ́là 5, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọkọ̀ máa gbé e sókè kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Core RISC-V méjì wà nínú rẹ̀, Hazard3 lorúkọ wọn, àwòrán wọn sì wà lórí GitHub fún ẹni tó bá fẹ́ kà á.

Ẹni tí kò ní ju láptọ́ọ̀pù lọ náà ṣì wúlò. Ó lè dán sọ́fítíwíà wò lórí RISC-V, kó sọ ibi tó ti bàjẹ́, tàbí kó tún ìwé àlàyé rẹ̀ kọ. Ènìyàn kọ̀ọ̀kan sì lè forúkọ sílẹ̀ nínú RISC-V International láìsanwó.

Mi ò ní tàn yín: iná ń ṣe ségesège, dátà wọ́n, ṣíṣe chip gan-an sì ń ná owó gọbọi. Ìdí rèé tí kò fi dáa kéèyàn máa dá a ṣe. Èèyàn márùn-ún tó ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ní LAUTECH, márùn-ún míì ní Ọ̀yọ́, ti tó bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá gbé iná dé lálẹ́ òní, ẹ kọ́kọ́ gbé QEMU sórí ẹ̀rọ yín ná.