Agbọ́n Kékeré Tó Gba Ẹ̀gẹ́ Là

Bí ẹ bá jẹ ẹ̀bà tàbí tí ẹ mu gàrí, ara ẹ̀gẹ́ ni oúnjẹ náà ti wá. Àwọn kan ń pè é ní gbágùúdá tàbí pákí. Ní ohun tó lé ní 40 ọdún sẹ́yìn, kòkòrò kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gẹ́ mọ́ àwọn àgbẹ̀ Áfíríkà lọ́wọ́. Agbọ́n kan tí kò tó hóró ìrẹsì ló dá a dúró.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbé e wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kan tẹ̀lé e wá láti ibẹ̀. Agbègbè Kóńgò ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Ara rẹ̀ funfun, bí ẹni pé wọ́n da ìyẹ̀fun lé e lórí. Omi ara ẹ̀gẹ́ ló ń fà mu. Ewé á ká jọ, igi á ràn, ìdí ẹ̀gẹ́ kò sì ní ta dáadáa. Abo ni gbogbo wọn, wọn kò nílò akọ kí wọ́n tó yé ẹyin. Ẹyọ kan tó bá wọ oko lè di ọ̀pọ̀ láìpẹ́.

Kí ló dé tí kì í fi ba oko jẹ́ báyìí ní ilẹ̀ tó ti wá? Ọ̀tá rẹ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tó rìnrìn àjò wá sí Áfíríkà, ọ̀tá náà kò bá a wá.

Hans Herren àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, pinnu láti wá ọ̀tá náà. Ní 1981, wọ́n rí i ní Paraguay. Agbọ́n kékeré ni, Anagyrus lopezi ni orúkọ rẹ̀ lédè sáyẹ́ǹsì. Wọ́n kọ́kọ́ kó o lọ sí Ìlú Ọba, kí wọ́n lè rí i dájú pé kò gbé ewu mìíràn dání. Lọ́dún náà gan-an, wọ́n tú u sílẹ̀ sínú oko ní Nàìjíríà.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Abo agbọ́n á fi ohun tó dà bí abẹ́rẹ́ ní ìdí rẹ̀ gún kòkòrò, á sì yé ẹyin sí i nínú. Ẹyin á pa, á di ìdin. Ìdin á máa jẹ kòkòrò láti inú. Kòkòrò á kú, ara rẹ̀ á le gbagidi. Níkẹyìn, ọmọ agbọ́n á dá ihò sí òkú náà lára, á sì fò jáde.

Yorùbá ní, “Àfòmọ́ kò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ló bá tan.” Àfòmọ́ máa ń gbé lórí igi, ó ń mu omi ara rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí igi náà kú, torí pé bí igi bá kú, òun náà kú. Ti agbọ́n yìí yàtọ̀. Onílé gbọ́dọ̀ kú kí àlejò tó lè jáde.

Síbẹ̀, agbọ́n kò pa kòkòrò náà tán. Bó bá pa á tán, kí ni ọmọ rẹ̀ yóò jẹ? Bí kòkòrò bá pọ̀, agbọ́n á pọ̀. Bí kòkòrò bá dín, agbọ́n náà á dín. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Ní 1995, Herren gba ẹ̀bùn World Food Prize. Nígbà tí kòkòrò yìí dé Thailand, láti ẹ̀ka IITA ní Benin ni wọ́n ti kó agbọ́n lọ síbẹ̀ ní 2009.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá ní kí a fín oògùn pa gbogbo kòkòrò inú oko, ẹ rántí pé oògùn kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a kọ́
Àfòmọ́: ewéko tó ń gbé lórí igi mìíràn.
Ìdin: ọmọ kòkòrò tí kò tíì hu ìyẹ́.
Ràn: kí nǹkan má lè dàgbà bó ṣe yẹ.
Onílé: ẹni tí àlejò dé sí lọ́dọ̀.