Ilé Ṣèríkí Abass l'Àgbádárìgì: bí ẹrù ilé ẹbí kan ṣe di mùsíọ́mù

Ẹ bi ẹni tó bá ti dé ilé Ṣèríkí Abass l'Àgbádárìgì rí pé kí ló rí níbẹ̀, agboòrùn ló máa kọ́kọ́ dárúkọ. Àwọn tó ń mú àlejò yípo níbẹ̀ máa ń sọ pé èèyàn 40 ni wọ́n fi pààrọ̀ agboòrùn kan ṣoṣo.

Kì í ṣe ìjọba ló kó àwọn nǹkan yẹn jọ o. Ẹrù ilé ni. Bàbá ló fi í sílẹ̀, àwọn ọmọ ò sì dà á nù: agboòrùn, àwo, ìgò ọtí, ṣẹkẹṣẹkẹ̀. Títí di òní, ẹbí ẹ̀ ló ń bójú tó o, àwọn kan nínú wọn sì ń gbé inú ọgbà náà.

Ta wá ni bàbá? Ifárẹ̀mílẹ́kún Fágbèmí lorúkọ ẹ̀, ọmọ Ìjòga-Òrílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ó ṣì kéré nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó o lẹ́rú. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Abass ló rà á, lòun náà bá tún un tà fún oníṣòwò ẹrú ará Bùràsíìlì kan, Williams. Ìyẹn mú un lọ sí Bùràsíìlì, ibẹ̀ ló ti kọ́ èdè òyìnbó lóríṣiríṣi. Orúkọ àwọn tó rà á yìí ló jẹ́ títí ó fi kú: Williams Abass. Ṣèríkí ni oyè tí àwọn Mùsùlùmí fi í jẹ.

Nígbà tó padà wálé, òwò ẹrú lòun náà ń ṣe.

Nǹkan bíi 1840 ni wọ́n ní wọ́n kọ́ ilé náà, yàrá 40. Ẹbí sọ pé èèyàn 40 ni wọ́n ń tì mọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan títí ọkọ̀ òkun á fi dé. Tí ọkọ̀ bá dé, wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn kọjá ọ̀sà sí Gbẹ̀rẹ̀fù, láti ibẹ̀ ó di etí òkun.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi nípa agboòrùn yẹn. Nínú ìwé tí àwọn oníṣòwò òyìnbó fi sílẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń kó ẹrù rẹpẹtẹ fún: aṣọ, ìbọn, ọtí, owó ẹyọ, tábà Bùràsíìlì. Nítorí náà, mi ò gbà pé 40 yẹn jẹ́ iye owó ọjà. Bí ẹbí ṣe ń sọ bí èèyàn ṣe di yẹpẹrẹ nígbà yẹn ni mo kà á sí. Àmọ́ agboòrùn yẹn ò kúrò nílé, ìyẹn ló jẹ́ ká rí nǹkan jiyàn lé lórí.

Ní 1913, ìjọba Lugard fi Abass ṣe olórí gbogbo agbègbè ìwọ̀ oòrùn yẹn. Ó kú ní 1919.

Mùsíọ́mù ìjọba náà wà ní Àgbádárìgì, nínú ilé ọ́fíìsì tí wọ́n kọ́ ní 1863. Ẹbí Mobee náà ní tiwọn, ṣẹkẹṣẹkẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àmọ́ nílé ìjọba, "àwọn tó ta èèyàn" lẹ máa gbọ́. Nílé ẹbí, ẹni tó ń sọ̀tàn lè jẹ́ ọmọ ẹni tó ta èèyàn gan-an, ẹnu rẹ̀ náà ló sì gbọ́dọ̀ fi sọ ọ́. Kò rọrùn o. Àbí ta ló fẹ́ gbowó ìwọlé kó tó sọ ẹ̀ṣẹ̀ bàbá ẹ̀ fún àlejò?

Ìṣòro míì ni pé ilé ni, àwọn èèyàn ń sùn níbẹ̀. Tí páànù bá ń jò, wọ́n á pàárọ̀ ẹ̀. Tí yàrá ò bá gbà wọ́n, wọ́n á tún un ṣe. Ilé ẹbí sì nìyí, ẹnì kan ò lè dá pinnu ohunkóhun. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n kó gbogbo èèyàn jáde kí mùsíọ́mù lè dúró, ibo ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n lọ?

Sàréè Abass fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀, nínú ọgbà kan náà pẹ̀lú àwọn yàrá yẹn.