Bọ́ọ̀lù kan, èdè púpọ̀: Ohun tí eré ìdárayá lè ṣe fún Kambolé, Tchamba àti Sokodé

Bí èèyàn bá dúró létí pápá ìṣeré ní ìrọ̀lẹ́ ní Sokodé, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ èdè mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹnì kan ń fi èdè Tem, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Kótókólì, béèrè bọ́ọ̀lù. Ẹlòmíràn ń fi Faransé bínú sí rẹfirí. Ẹnì kẹta ń fi Kabiyè ṣe yẹ̀yẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ọmọ Kambolé bá wà níbẹ̀, ẹ ó gbọ́ Yorùbá tiwa náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí bọ́ọ̀lù bá wọ àwọ̀n, ariwo kan náà ni gbogbo wọn ń pa.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Àárín gbùngbùn Tógò jẹ́ ibi tí ẹ̀yà ti pọ̀. Àwọn Tem wà níbẹ̀, àwọn ará Tchamba wà níbẹ̀, àwọn Kabiyè, àwọn Fúlàní, àwọn Háúsá, àti àwa ọmọ Yorùbá. Ọjà ló ń kó wa pa pọ̀, oko náà sì ń kó wa pa pọ̀. Ṣùgbọ́n ọjà àti oko kan náà ló ń fa ìjà: iye owó ọjà, ààlà ilẹ̀, màlúù tó wọ oko iṣu. Ibi tí a ti lè pàdé láìsí owó tàbí ilẹ̀ láàárín wa kò pọ̀. Pápá ìṣeré jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Kambolé fúnra rẹ̀ mọ ohun tí ààlà ń jẹ́. Ìlú náà wà lábẹ́ Tchamba, kò sì jìnnà sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ àti èyí tí wọ́n ń sọ ní Manigri, lódì kejì ààlà, ọ̀kan náà ni. Lọ́dún 1897 ni àwọn Faransé àti àwọn ará Jámánì jókòó sí Paris, tí wọ́n fa ìlà láàárín Tógò àti Dahomey. Láti ìgbà náà, àwọn tó ń sọ èdè kan náà ti wà lábẹ́ ìjọba méjì. Ẹni tí ó mọ̀ pé ìlà lè ya ọmọ ìyá méjì yẹ kí ó tún mọ̀ pé a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara wa fa òmíràn láàárín àdúgbò sí àdúgbò.

Bí a bá ń wá ẹ̀rí pé eré lè so èèyàn pọ̀, ká wo Semassi. Orúkọ àwọn jagunjagun ilẹ̀ Tem láyé àtijọ́ ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Sokodé yìí ń jẹ́. Wọ́n ti gba ife ẹ̀yẹ Tógò lọ́pọ̀ ìgbà, ti ọdún 2014 sì wà lára rẹ̀. Lọ́dún 1984, wọ́n wà lára ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kù nínú ìdíje ife àwọn aṣíwájú Áfíríkà, kí Shooting Stars ti Ìbàdàn tó lé wọn jáde. Orúkọ ẹ̀yà kan ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ o, síbẹ̀ kì í ṣe ẹ̀yà kan ṣoṣo ló ń dunnú nígbà tí Sokodé bá borí.

Ẹ tún rántí ọdún 2006, nígbà tí Tógò kọ́kọ́ lọ sí ìdíje ife àgbáyé ní Jámánì. Emmanuel Adebayor ló gbá góólù 11 sáwọ̀n nínú ìdíje tó gbé wọn débẹ̀. Lomé ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n Yorùbá láti Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀. Kò sí ẹni tó béèrè èdè tí bàbá rẹ̀ ń sọ kí wọ́n tó pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tí wọ́n sì dé Frankfurt, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹfà, Mohamed Kader Coubadja ló jẹ góólù kan ṣoṣo tí Tógò tíì jẹ nínú ife àgbáyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé South Korea ló borí ní 2-1. Sokodé ni wọ́n ti bí Kader. Ọmọ Yorùbá ló gbé wọn débẹ̀, ọmọ Sokodé ló jẹ góólù, gbogbo Tógò ló yọ̀.

Ní Côte d'Ivoire, nígbà tí ogun ti pín orílẹ̀-èdè náà sí méjì, Didier Drogba àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú kámẹ́rà lọ́dún 2005, wọ́n ní kí àwọn ará ilé wọn jọ̀wọ́ ohun ìjà sílẹ̀. Lọ́dún 2007, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Madagascar ní Bouaké, ìlú tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ fi ṣe ibùjókòó. Bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ló parí ogun náà, ṣùgbọ́n ó ràn wọ́n lọ́wọ́.

Àmọ́, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Bọ́ọ̀lù tún lè da ìlú rú. Ní Accra, lọ́jọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2001, èèyàn 126 kú nínú pápá ìṣeré nígbà tí wàhálà bẹ́ sílẹ̀, tí ọlọ́pàá yin tajútajú, tí èrò sì ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ti wo bọ́ọ̀lù abúlé sí abúlé mọ̀ pé èébú ló máa ń ṣáájú òkúta. Bí wọ́n bá ti ń fi ẹ̀yà ẹni bú ẹni, eré ti parí nìyẹn, ìjà ló kù.

Kí ni ká wá ṣe? Àkọ́kọ́, ẹ má fi ẹ̀yà yan ikọ̀. Bí ìdíje ìsinmi ilé ìwé bá dé, ẹ po àwọn ọmọ pọ̀: ọmọ Tem pẹ̀lú ọmọ Yorùbá, ọmọ darandaran pẹ̀lú ọmọ àgbẹ̀. Ẹni tó ti jọ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọmọ Fúlàní yóò mọ ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí màlúù bá wọ oko.

Ẹ̀kejì, ẹ mú rẹfirí wá láti ìlú tí kò sí nínú ìdíje. Kí àwọn baálẹ̀, àwọn àáfà àti àwọn pásítọ̀ jókòó síbi kan náà, kí wọ́n sì wí fún àwọn ọmọ wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi í sí àkókò ìrun Jímọ̀ tàbí ọjọ́ ọjà.

Ẹ̀kẹta, ẹ má gbàgbé àwọn tó máa ń dúró lẹ́yìn ìlà. Lọ́dún 2022, àwọn obìnrin Tógò lọ sí ìdíje ife Áfíríkà ní Morocco fún ìgbà àkọ́kọ́. Ṣé ọmọbìnrin Kambolé ní pápá tí yóò ti kọ́ ọ? Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò pé ńkọ́? A lè fún òun náà ní iṣẹ́ àti eré tó bá a mu.

Ẹ̀kẹrin, kì í ṣe bọ́ọ̀lù nìkan ni eré. Àwọn Kabiyè ní Evala, ìjàkadì tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin wọn ń jà lóṣù Keje ọdọọdún. Yorùbá ní ẹkẹ àti gídígbò. Bí ìlú méjì bá fi ìjàkadì wọn han ara wọn, oníkálukú yóò rí i pé ẹnìkejì náà ní àṣà tó yẹ ní ọ̀wọ̀.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ọjọ́ eré jẹ́ ọjọ́ ọjà fún alákàrà, oníwàrà, olómi tútù àti ọlọ́kadà. Láti ọdún 2019 tí Tógò ti dìbò yan ìjọba ìbílẹ̀ sí kọ́múùnù 117, olórí ìlú ti súnmọ́ wa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ lọ bá wọn. Pápá tó dára, bọ́ọ̀lù mélòó kan àti ife kan kò tó owó tí ìjà ọjọ́ kan máa ń jẹ.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Kí ọwọ́ tó ṣe ọ̀kan, ó yẹ kí àwọn ìka ti mọ ara wọn.