Iná ń ṣẹ́jú, káàdì ṣófo

Nínú ètò tó kọjá, mo ṣèlérí pé màá sọ bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ẹ̀rọ mi síta láti ojú fèrèsé. Ìtàn náà rèé.

Yàrá Màámi ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń tutù nini nígbà òtútù. Láńlọ́ọ̀dù ní kò sí nǹkan tó ṣe hítà. Màámi ní, "Ọmọ mi, ta ló máa gba arúgbó gbọ́?" Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Màámi. Ẹ̀rọ máa bá wa jẹ́rìí."

Mo so Arduino Uno, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré orí pátákó, mọ́ DHT22 tó ń wọn ooru àti ọ̀rinrin, mọ́ aago DS3231, àti káàdì ìrántí. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, kó kọ ìlà kan: ìlà 288 lójúmọ́. Iná kékeré kan á sì ṣẹ́jú bó bá ti kọ ọ́ tán.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, iná ń ṣẹ́jú. Mo yọ káàdì, mo kì í bọ kọ̀ǹpútà. Òfìfo! Kò sí fáìlì kankan. Àṣé orúkọ fáìlì ni. SD library tí Arduino ń lò kì í gba ju lẹ́tà mẹ́jọ lọ ṣáájú dọ́ọ̀tì. Èmi kọ "iyara_mama.csv", mẹ́wàá. Mo gé e sí "yaramama.csv", mẹ́jọ géérégé.

Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Fáìlì wà lóòótọ́, àmọ́ 0 bytes ló wà nínú ẹ̀. Ṣé ẹ mọ alájọ? Ká ní ó ń gba owó yín lójoojúmọ́, ó ń kó o sápò, ṣùgbọ́n kò fàmì sí káàdì yín. Bí nǹkan bá ṣe é lọ́nà, kí lẹ máa fi hàn pé ẹ dáwó? Bẹ́ẹ̀ gan-an ni library yìí. Ó ń kó ọ̀rọ̀ jọ sínú ìrántí Arduino títí á fi pé 512 bytes, kó tó kó o sórí káàdì. Kì í sì í kọ bí fáìlì ṣe tóbi tó sílẹ̀ àfi tí a bá pe flush() tàbí close(). Èmi ò pe ìkankan. Mo kàn fa wáyà yọ ni! Ní báyìí, ìlà kan, flush() kan.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, àkọsílẹ̀ dúró lọ́jọ́ kẹta. Ebi iná ló ń pa káàdì. Ojú 3.3V lára Uno kò lè fúnni ju 50 mA lọ, bẹ́ẹ̀ káàdì lè gba 100 mA tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó bá ń kọ̀wé. Mo ra pátákó káàdì mìíràn tó ń gba 5V, tó sì ń sọ ọ́ di 3.3V fúnra ẹ̀, fún iná àti fún àwọn wáyà tó ń gbé ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni káàdì kùnà, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta niná ń ṣẹ́jú. Ta ló kọ́ ọ nírọ́? Èmi ni. Nínú kóòdù mi, iná á ṣẹ́jú, yálà káàdì gba ọ̀rọ̀ tàbí kò gbà á. Mi ò bi í léèrè rí. Mo tún un kọ: kó ṣẹ́jú kìkì tí fáìlì bá ṣí, tí println() sì dáhùn pé òun kọ nǹkan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó tàn láìṣẹ́jú.

Màámi wá di ọ̀gá tó ń ṣọ́ ọ. Láràárọ̀ ni wọ́n ń pè mí: "Ọmọ mi, ó ṣì ń ṣẹ́jú o!"

Ọjọ́ mẹ́rìnlá, ìlà 4,032, ìkankan ò sọnù. Láago mẹ́rin òru, 13°C, 14°C. Bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé, ó kéré tán, 18°C ló yẹ kó wà nínú ilé nígbà òtútù. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, Màámi fi lé láńlọ́ọ̀dù lọ́wọ́. Kò jiyàn mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ń tún hítà ṣe kanlẹ̀kùn.

Tẹ́yin náà bá ń ṣe irú ẹ̀, ẹ má dúró ọ̀sẹ̀ kan bíi tèmi. Lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ yọ káàdì, kí ẹ fojú ara yín wo ohun tó wà níbẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ó dìgbà kan ná!