Hard disk tuntun kò gba Windows: Ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò kí ẹ tó sanwó lẹ́ẹ̀kejì

Oníṣòwò tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò owó lọ́jà Dantokpa, ní Cotonou, mọ ohun tó wà lórí hard disk rẹ̀: orúkọ ẹni tó kó aṣọ láwìn, ẹni tó san ìdajì, àti iye ẹrù tó ṣì wà lọ́nà. Bí hard disk náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún kẹ́kẹ́, tuntun ni yóò rà.

Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ fi Windows sí tuntun ọ̀hún ni wàhálà ń dé. Kọ̀ǹpútà á ní òun kò rí i, tàbí pé òun kò lè lò ó. Kíá, ẹni tó rà á á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Nígbà mìíràn òótọ́ ni, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, hard disk kò jẹ̀bi.

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ní kí wọ́n yọ hard disk àtijọ́ kúrò, kó wà lọ́wọ́ yín. Bí méjèèjì bá jọ wà nínú kọ̀ǹpútà, Disk 0 àti Disk 1 ni yóò kọ sójú rẹ̀, kò ní kọ orúkọ yín sí i. Ẹni tó bá ṣì í tẹ̀ ti pa ìwé gbèsè yín rẹ́ nìyẹn, àwọn onígbèsè kò sì ní rán yín létí.

Bí kọ̀ǹpútà kò bá rí tuntun náà rárá, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wo wáyà rẹ̀ bóyá ó wọlé dáadáa. Ti àwọn pẹlẹbẹ tó gùn bí ìka ọwọ́, tí wọ́n ń pè ní M.2, yàtọ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n, SATA àti NVMe, wọ́n sì jọra bí ìbejì. Kọ̀ǹpútà tó gba ọ̀kan lè má gba èkejì. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà náà dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ẹ má fẹnu júwe.

Èyí tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni ìgbà tí kọ̀ǹpútà rí disk náà, àmọ́ tó ní MBR ni, pé GPT lòun fẹ́. Ọ̀nà méjì tí wọ́n fi ń pín disk sí yàrá-yàrá nìyẹn. MBR ni ti àtijọ́, kò sì lè lò ju 2TB lọ. Kọ̀ǹpútà òde òní tó ń tan lọ́nà UEFI, GPT ló ń béèrè. Disk náà kò bàjẹ́. Kí ẹni tó ń ṣe é tẹ Shift àti F10 pọ̀, kó kọ diskpart, lẹ́yìn náà list disk, select disk pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, clean, àti convert gpt. Kì í pẹ́ rárá. Àmọ́ clean yìí ń nu gbogbo ohun tó bá bá lórí disk, ìdí nìyí tí a fi ní kí ti àtijọ́ ti kúrò níbẹ̀.

Bó bá ń padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá kú tó tún tan, flash tí Windows wà lórí rẹ̀ ni wọn kò tíì yọ.

Ti kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tún wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni àtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 ti parí. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, èyí tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò ní. Hard disk tuntun kò lè tún ìyẹn ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ ti Nàìjíríà wá, ẹ kíyè sí bọ́tìnnì àwọn Faransé: A ló wà níbi tí Q máa ń wà. Bí wọ́n bá yan ti Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n ń fi Windows sí i, ẹ ó tẹ A, Q ni yóò wọlé. Password á kọ̀, hard disk náà lẹ ó tún máa bú.

Bí ẹ bá ṣì fura sí ayédèrú, ẹ má gba ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà gbọ́, nítorí ayédèrú mọ bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn ní 2TB. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi H2testw dán an wò nígbà tó ṣì ṣófo. Ọ̀fẹ́ ni: á kọ nǹkan kún disk náà, á sì tún un kà, bó tilẹ̀ lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Èyí tí kò bá pé, ẹ gbé e padà pẹ̀lú rìsíìtì. Àmọ́ bí 2TB bá hàn bí 1.81TB nínú Windows, ẹ má bá olùtà jà o, bí Windows ṣe ń kà á nìyẹn.