Táyà Wo Ló Bá Ọkọ̀ Mu?

Ẹ̀gbẹ́ táyà ni wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. Lára ọ̀pọ̀ Toyota Corolla tó ń rìn lójú títì wa, 195/65R15 91H ni ènìyàn sábà máa ń bá níbẹ̀. Nínú àkọlé kékeré yìí ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó wà, àti bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣe ga tó, bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀, ríìmù tó lè wọ̀, ẹrù tó lè gbé, àti eré tó lè sá. Ṣùgbọ́n lọ́jà, ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò máa ń dárúkọ: wọ́n á ní táyà fíftíìnì ni àwọ́n ń wá. Ríìmù nìkan ni 15 yẹn ń tọ́ka sí. 185/65R15, 195/65R15, 205/65R15 àti 195/55R15, fíftíìnì ni gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ kò sí méjì nínú wọn tó ga bákan náà.

195 tó ṣáájú ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. Láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ń tẹ ilẹ̀ nìkan.

Ìdí 65 ni àṣìṣe pọ̀ sí jù. Kì í ṣe mìlímítà. Ohun tó ń sọ ni pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, láti etí ríìmù dé ibi tó ń tẹ ilẹ̀, jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ rẹ̀. Tí a bá fi 65 sọ 195 di púpọ̀, tí a pín in sí 100, mìlímítà 126.75 ni yóò fún wa. Nítorí náà, bí fífẹ̀ bá ti yí padà, gíga náà ti yí padà nìyẹn, bí 65 tilẹ̀ wà níbẹ̀ síbẹ̀: ẹ̀gbẹ́ táyà 205/65 ga ní mìlímítà 133.25. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe máa tẹ́ tó. 55, 50 àti 45 ni a máa ń rí lára ọkọ̀ tó ní ríìmù ńlá.

Lẹ́tà R ń sọ bí wọ́n ṣe ṣe inú táyà. Nínú táyà ayé àtijọ́, okùn inú rẹ̀ máa ń gba ara wọn kọjá ní ìdábùú. Ní 1946 ni ilé-iṣẹ́ Michelin ti ilẹ̀ Faransé gba ẹ̀tọ́ lórí irú mìíràn, tí okùn rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ìkejì tààrà, tí ìgbànú wáyà irin sì yí i ká lábẹ́ ibi tó ń tẹ ilẹ̀. Òun ni R ń tọ́ka sí, òun náà ló sì wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kéékèèké káàkiri ayé báyìí. Àwọn kan rò pé R dúró fún ríìmù nítorí pé nọ́ńbà ríìmù ló tẹ̀ lé e. Kò rí bẹ́ẹ̀.

15 ni bí ríìmù ṣe ga tó látòkè délẹ̀ ní ínǹṣì, ínǹṣì kan sì jẹ́ mìlímítà 25.4. Ó yani lẹ́nu pé ọ̀nà ìwọ̀n méjì ni wọ́n pa pọ̀ sórí àkọlé kan. Ní 1975, Michelin gbé táyà kan jáde tó ń jẹ́ TRX, tí wọ́n fi mìlímítà wọn ríìmù rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rọ́wọ́ mú. Ínǹṣì ni wọ́n ṣì fi ń wọn ríìmù títí dòní.

Pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà mẹ́ta yìí, ẹnikẹ́ni lè ṣírò bí táyà ṣe ga tó látòkè délẹ̀. Gíga ẹ̀gbẹ́ lọ́nà méjì, 126.75 àti 126.75, jẹ́ 253.5. Ríìmù ínǹṣì 15 jẹ́ 381. Àròpọ̀ wọn jẹ́ mìlímítà 634.5. Iye yìí ló yẹ kí onímọ́tò fọkàn sí jù lọ, nítorí òun ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi pinnu gíà àti iye tí abẹ́rẹ́ eré inú dáṣíbọ́ọ̀dù ń sọ.

91 àti H tó gbẹ̀yìn kì í sábà jẹ ẹni tó ń ra táyà lógún, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ló ń dáàbò bo ẹ̀mí. 91 kì í ṣe kílò fúnra rẹ̀. Inú àtẹ kan ni wọ́n ti mú un, ìtumọ̀ rẹ̀ nínú àtẹ náà sì ni pé táyà kan lè gbé kílò 615. Mẹ́rin á gbé 2,460. Táyà tí wọ́n kọ 88 sí lára ń gbé 560, èyí tí wọ́n kọ 94 sí ń gbé 670. Ẹni tó bọ́ 91 sílẹ̀ tó fi 88 rọ́pò rẹ̀ ti dín kílò 220 kù lára ohun tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè gbé, ìyẹn sì tó ènìyàn mẹ́ta. Tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kún fún èrò tí ẹrù sì wà ní bùútù, táyà á máa gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ooru yìí ló sì máa ń fa bíbẹ́ táyà lójú ọ̀nà márosẹ̀.

H ní tirẹ̀ ń sọ eré: kìlómítà 210 ní wákàtí kan. S jẹ́ 180, T jẹ́ 190, V jẹ́ 240. (Lẹ́tà yìí kò tẹ̀ lé ètò a-bí-ì-dí, láàárín U àti V ni H wà.) Òfin ojú pópó Nàìjíríà kò gba ọkọ̀ kékeré láyè ju 100 lọ lójú ọ̀nà márosẹ̀, nítorí náà ènìyàn lè sọ pé kí ni 210 wúlò fún. Ó wúlò nítorí pé bí táyà ṣe lè fara da ooru tó ni lẹ́tà náà ń fi hàn. Nọ́ńbà ẹrù àti lẹ́tà eré lè ju ti ọkọ̀ lọ. Kò gbọdọ̀ dín.

Àwọn àmì díẹ̀ tún wà. P tó bá ṣáájú nọ́ńbà jẹ́ ti ọkọ̀ kékeré, lọ́nà ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà. LT jẹ́ ti ọkọ̀ akẹ́rù kéékèèké. C tó bá gbẹ̀yìn, bíi 195R14C tó wà lẹ́sẹ̀ bọ́ọ̀sì, jẹ́ ti ọkọ̀ iṣẹ́. Irú táyà yẹn lè ní nọ́ńbà ẹrù méjì, bíi 106/104: ti àkọ́kọ́ fún ẹsẹ̀ tó ní táyà kan, ìkejì fún ibi tí táyà méjì bá ti so pọ̀. Táyà ọkọ̀ kékeré kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi dí ẹsẹ̀ bọ́ọ̀sì, kódà bí ríìmù wọn bá bára mu.

Níbo wá ni a ti ń rí ìwọ̀n tó tọ̀nà? Kì í ṣe lára táyà tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ wa jẹ́ tókunbọ̀, ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ sì lè ti pààrọ̀ táyà sí èyí tó bá rí. Ibi tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé ni ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, èyí tó máa ń hàn tí ilẹ̀kùn bá ṣí. Ìwọ̀n táyà iwájú, ti ẹ̀yìn àti ti àfipamọ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń fẹ́. Lára ọkọ̀ Yúróòpù mìíràn, inú ìdérí ojú táǹkì epo ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí ìwé náà bá ti ṣí kúrò, ìwé ìlànà tó bá ọkọ̀ wá yóò sọ ọ́.

Ọkọ̀ aládùúgbò kì í ṣe ẹ̀rí o. Toyota Camry 2007 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, irú rẹ̀ tó ń jẹ́ LE ń lo 215/60R16, èyí tó ń jẹ́ SE sì ń lo 215/55R17. Orúkọ kan, ọdún kan, ìwọ̀n méjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣírò wọn yóò rí i pé àkọ́kọ́ ga ní mìlímítà 664.4, ìkejì ní 668.3. Ríìmù tóbi sí i, ẹ̀gbẹ́ táyà dín kù, gíga gbogbo rẹ̀ kò sì yí padà ju mìlímítà mẹ́rin lọ. Bí àwọn tó ṣe ọkọ̀ ṣe ń ṣe é nìyẹn, òfin kan náà ló sì de ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ríìmù: ìyàtọ̀ gíga kò yẹ kó ju ìdá 3 nínú 100 lọ. Corolla tó ń lo 195/65R15 lè lo 205/55R16, nítorí ìyàtọ̀ gíga wọn kò tó mìlímítà mẹ́ta. Bí ó bá wọ 215/65R16 ńkọ́? Ìyẹn ga ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìdá 8 nínú 100. Tí abẹ́rẹ́ bá ń sọ 100, ọkọ̀ á ti máa sá 108, táyà sì lè máa ha ara ọkọ̀ nígbàkigbà tí awakọ̀ bá yí sítíarín dópin tàbí tó bọ́ sí kòtò.

Lójú ọ̀nà tí kòtò pọ̀ sí, ríìmù ńlá pẹ̀lú táyà pẹlẹbẹ kò ṣàǹfààní fún ẹni tó ń fọkọ̀ jẹun. Ẹ̀gbẹ́ táyà tó ga ló ń gba ìkọlù kòtò kó tó dé ríìmù. Èyí tó tẹ́, ríìmù ló ń wọ́, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì máa ń wú. Fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bíi àwọn Highlander kan, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Bí táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn kò bá ga bákan náà, gíà á máa jà pẹ̀lú ara rẹ̀ títí yóò fi bàjẹ́. Fún ọkọ̀ yòówù kó jẹ́, táyà méjì tó wà ní iwájú gbọ́dọ̀ jọra, méjì ẹ̀yìn náà bẹ́ẹ̀.

Iye afẹ́fẹ́ bá ìwọ̀n rìn. 44 tàbí 51 psi tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà ni òpin ohun tó lè gbà, kì í ṣe iye tó yẹ kí fọkanáísà fún un. Èyí tó wà lára ilẹ̀kùn ni ti ọkọ̀, ó sì sábà máa ń wà láàárín 30 sí 35. Nígbà tí táyà bá tutù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí wọ́n wọn gèéjì rẹ̀. Táyà àfipamọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí àkọlé rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú T, yàtọ̀: 60 psi ló sábà máa ń gbà, kò sì yẹ kó sáré ju kìlómítà 80 lọ ní wákàtí kan.

Ìwọ̀n tó bá ọkọ̀ mu kò ní kí táyà má gbó. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú àmì DOT tó wà lára táyà ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Àjọ SON, tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, kò fara mọ́ títa táyà tó ti ju ọdún mẹ́rin lọ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. Àjọ náà tún máa ń kìlọ̀ nípa táyà tí wọ́n há sínú ara wọn nígbà tí wọ́n ń kó o wọlé, nítorí pé wáyà etí rẹ̀ máa ń wọ́. Láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt pa ní 2007, tí Dunlop ní Ìkẹjà náà sì dáwọ́ dúró láìpẹ́ sígbà náà, òkè òkun ni à ń gbára lé fún táyà, ọ̀rọ̀ yìí sì kan gbogbo wa.

Kí ẹni tó ni ọkọ̀ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lónìí, kó fi fóònù ya ìwé tó wà lára òpó náà. Nígbà tó bá dé ọjà, kó fi àwòrán náà han ẹni tó ń ta táyà, kó fúnra rẹ̀ ka nọ́ńbà, lẹ́tà àti ọjọ́ tó wà lára ìkọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó tó sanwó.