Kókó Omi-Ara nínú Iṣẹ́ Abẹ Jẹjẹrẹ Ẹ̀dọ̀fóró

Bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀ ọmọdé, kókó a máa so sí i lábẹ́ itan. Irú kókó bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ara, títí kan inú àyà. Omi-ara tó ń ṣàn padà láti ẹ̀yà ara kọ̀ọ̀kan a máa gba inú wọn kọjá, wọn a sì máa sẹ́ ẹ bí aṣẹ́ ògì.

Ọ̀nà omi-ara yìí náà ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sábà máa ń gbà tàn ká. Nítorí náà, oníṣẹ́ abẹ tó ń gé ibi tí àrùn wà kúrò kò gbọdọ̀ fojú fo àwọn kókó tó yí i ká. Lọ́dún 1978, Tsuguo Naruke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáánì gbé àwòrán jáde tó fún ibùdó wọn ní nọ́ńbà. Nínú àwòrán tí a ń lò láti ọdún 2009, ibùdó 2 sí 9 wà ní agbedeméjì àyà. 10 sí 14 wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró àti nínú rẹ̀. Ibùdó 7 wà lábẹ́ oríta tí ọ̀nà èémí ti pín sí méjì. Jẹjẹrẹ tó bá ti dé agbedeméjì àyà ti kúrò ní kékeré, iṣẹ́ abẹ nìkan kì í sábà tó o mọ́.

Kókó mélòó ló wá yẹ ní yíyọ? Àwọn oníṣẹ́ abẹ kan a máa mú díẹ̀ láti ibùdó kọ̀ọ̀kan fún àyẹ̀wò. Àwọn mìíràn a kó gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá tó bò ó. Ìwádìí kan tó jáde ní Ṣáínà lọ́dún 2002, lára aláìsàn 532, fi hàn pé ẹ̀mí àwọn tí a kó kókó wọn tán gùn jù. Ìwádìí Z0030 ti Àríwá Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 2011, kò rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ láàrin aláìsàn tó lé ní 1,000.

Ẹ kíyè sí irú ẹni tí a yàn. Àwọn tí àrùn ti dé kókó agbedeméjì àyà wọn wà nínú ìwádìí Ṣáínà. Ní ti Z0030, a ti kọ́kọ́ mú kókó láti àwọn ibùdó tí a là sílẹ̀, a sì yẹ̀ wọ́n wò lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí a bá jẹjẹrẹ nínú kókó agbedeméjì àyà rẹ̀ kò sí lára wọn. Ẹni tó bá fi Z0030 ti ara rẹ̀ lẹ́yìn láti mú kókó kan ṣoṣo tó bá kàn án lọ́wọ́ ṣì í kà. Pẹ̀lú gbogbo àyẹ̀wò yẹn, nígbà tí a kó kókó ọ̀wọ́ kan tán, a tún rí jẹjẹrẹ tó fara pamọ́ lára nǹkan bí ẹni 4 nínú 100. Bí a kò bá kó o ni, à bá sọ fún wọn pé àrùn wọn ṣì kéré.

Kíkó kókó tán ní ewu tirẹ̀. Lápá òsì, iṣan tó ń mú ohùn ṣiṣẹ́ gba abẹ́ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá kọjá, nítòsí àwọn kókó wọ̀nyí. Bí ọ̀bẹ bá kàn án, ohùn aláìsàn lè ha. Síbẹ̀, nínú Z0030, ìṣòro ẹ̀yìn iṣẹ́ abẹ ọ̀wọ́ méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sì ni iṣẹ́ náà fi gùn sí i. Lónìí, ìlànà ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Amẹ́ríkà ni pé kókó gbọ́dọ̀ wá, ó kéré tán, láti ibùdó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní agbedeméjì àyà àti láti ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró, kí a sì kọ orúkọ ibùdó kọ̀ọ̀kan sínú ìwé àyẹ̀wò.